Aṣọ Àdúrà Lábẹ́ Ẹ́ńjìnnì

Ọ̀dà pupa ni wọ́n fi fa àgbélébùú ńlá sí iwájú mọ́tò mi, irú èyí tí ìjọba máa ń fà sára ilé tí wọ́n bá fẹ́ wó. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ní Ekete, ní ìpínlẹ̀ Delta, ló ṣe é, ní òwúrọ̀ Sátidé kan nígbà òjò ọdún tó kọjá, kí èmi àti ìyá mi tó jí. Ẹ̀sùn wọn ni pé epo ẹ́ńjìnnì ń jò lára mọ́tò náà sórí ọ̀nà kọnkéré tí gbogbo àdúgbò ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwó ṣe.

Alága wọn, aṣọ́bodè tó ti fẹ̀yìn tì, dúró dè mí lẹ́nu géètì. Pidgin ni gbogbo wa ń sọ níta. "Madam Press," ó ní, "this your motor dey piss for road." Ó ní ọjọ́ ìpàdé tó ń bọ̀ ni gbèdéke. Bí epo bá ṣì ń kán lọ́jọ́ náà, àwọn yóò pe ọkọ̀ tó ń wọ́ mọ́tò kó wá gbé e kúrò ládùúgbò.

Mo bi í léèrè ọjọ́ tí epo di èèwọ̀ ní ìpínlẹ̀ Delta. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni àwọn ènìyàn mi létí òkun Ìlàjẹ ti ń fọ epo rọ̀bì kúrò lára àwọ̀n, n kò sì rí ẹni tó fa ọ̀dà pupa sí ẹnikẹ́ni lára nítorí rẹ̀. Alága rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò sọ ti òkun, ti kọnkéré lòun ń sọ.

Mọ́tò náà ti gbó, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n orúnkún ìyá mi kò ṣeé ká mọ́, kò lè gun kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Ìjókòó iwájú mọ́tò yẹn, tí mo tì sẹ́yìn pátápátá, nìkan ló ń gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì ní Edjeba àti ilé ìwòsàn. Bí wọ́n bá wọ́ ọ lọ, ìyá mi di ẹlẹ́wọ̀n nínú yàrá.

Mẹkáníìkì kan ní Deco Road bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ó mi orí, ó ní kí n lọ ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀. Mo ní ibo gan-an lepo ti ń jáde? Ó ní ibi gbogbo. Nídìí iṣẹ́ ìròyìn tí mo ń ṣe, ẹlẹ́rìí tó bá ní ibi gbogbo lòun ti rí nǹkan, kò rí nǹkan kan. Mo wa mọ́tò mi padà sílé. Èmi fúnra mi ni n ó tún un ṣe.

Inú ìdílé tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n bí mi sí. Bí ọkọ̀ bá ń mu omi lọ́dọ̀ wa, a ó dojú rẹ̀ dé, a ó wá ibi tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti là, a ó dí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe. Mo fi jáàkì gbé iwájú mọ́tò, mo ki igi ńlá sábẹ́ rẹ̀ kó má baà já lé mi, mo sì wọlé sábẹ́. Mo tú àwo irin tó ń gba epo nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, mo pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyẹn rọ́bà tó ń dí àárín irin méjì, mo sì fi gọ́ọ̀mù yí etí rẹ̀ ká. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, epo ti kán sórí páálí tí mo tẹ́. Mo tún un ṣe. Ó tún kán.

Alága ń kọjá lọ, ó rí mi tí mo fẹ̀yìn lélẹ̀, tí ẹsẹ̀ mi nìkan yọ síta. "Madam Press, you never born?" Mo ní kó lọ rán aṣọ ìkómọ.

Ìyá mi, tó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ló pè mí jáde. "Ọmọ mi, ìsàlẹ̀ lomi ti ń wọ ọkọ̀. Epo yìí ńkọ́, ṣé inú ilẹ̀ lòun náà ti wá?"

Mo ju gọ́ọ̀mù ọwọ́ mi sílẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni mo ti ń tún ṣe láti ọjọ́ yìí.

Mo fọ ẹ́ńjìnnì náà tónítóní, mo jẹ́ kó gbẹ, mo gba àtíkè ìyá mi, mo sì bù ú wọ́n ọn láti òkè délẹ̀ títí ó fi funfun. Mo tan án, mo ń wò ó. Lẹ́yìn ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, níbi tí ojú kì í tètè dé, ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ nínú àtíkè, ó sì ń ṣàn lọ sísàlẹ̀. Kò sí ibòmíràn. Rọ́bà abẹ́ ìdérí náà ti gbẹ gan-an, ọwọ́ mi ló rún un. Mo ra tuntun, mo ha ojú irin mọ́, mo sì ń fún àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láti àárín lọ sí etí.

Lọ́jọ́ ìpàdé, wọ́n dé tàwọn ti ọkọ̀ tó ń wọ́ mọ́tò. Mo ní epo ti dá. Alága ní ẹnikẹ́ni lè nu ilẹ̀ kí àlejò tó dé. Ìyá mi wá ti inú ilé jáde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó fi aṣọ àdúrà rẹ̀ funfun kọ́ apá.

"Ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ rẹ̀," ó ní. "Aṣọ tí mo fi ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ nìyí. Bí epo bá kán sí i, ẹ wọ́ mọ́tò, kí ẹ sì wọ́ èmi náà mọ́ ọn."

Mo sọ ọ́ ní Pidgin fún wọn bó ṣe wà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo tẹ́ aṣọ náà, mo tan ẹ́ńjìnnì, mo jẹ́ kó gbóná títí fáànù rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Awakọ̀ tí wọ́n pè wá ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fa aṣọ yọ, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "E dry," ó ní, ó sì wọ inú ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Wọ́n fẹ́ máa lọ. Mo dúró dí wọn lẹ́nu géètì. Mo ní kí aṣọ náà máa lọ sábẹ́ jíìpù alága, nítorí àbàwọ́n epo tó wà níwájú ilé rẹ̀ fẹ̀ ju tèmi lọ. Akọ̀wé ẹgbẹ́, tíṣà ọmọ Ìjẹ̀bú tí kì í bá mi sọ Yorùbá níta, rọra ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó tán síbẹ̀." Mo ní kò ní tán síbẹ̀.

Wọ́n forí korí lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Alága padà wá kéde pé mọ́tò mi dúró. Ó ní ẹgbẹ́ yóò ra aṣọ funfun tiwọn, àti pé lọ́jọ́ ìpàdé tó ń bọ̀, wọn yóò tẹ́ ẹ sábẹ́ gbogbo mọ́tò àdúgbò láti ojúlé dé ojúlé. Akọ̀wé fi kún un pé ọ̀dọ̀ alága ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀.