Ẹní Ìdí Ofeina

Ní erékùṣù Foa, tí o bá béèrè Folola, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa sọ fún ẹ ni pé kò sí ẹni tó mọ ẹní hun tó o. Ohun kejì ni pé ó gbé ẹní ìdí ọmọ rẹ̀ sórí ẹní òkú, kò sì rí i gbà padà mọ́. Ti àkọ́kọ́ kò ní àríyànjiyàn. Ti èkejì ni kò yé mi: báwo ni obìnrin tó ti ń hun ẹní láti kékeré ṣe lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀?

Nígbà tí Ofeina, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, fẹ́ wọ ilé ìwé, Folola hun ta'ovala fún un, ẹní kékeré tí à ń ró mọ́ ìdí. Ó rẹ ewé tí a fi ń hun ẹní sínú òkun títí ó fi funfun, ó fi ìkarahun fá a, ó là á tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Ọmọ náà ró o lọ sí ilé ìwé, ó ró o lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, títí kò fi yí i ká mọ́.

“Màmá, ó ti ń fún mi níkùn,” ló wí. “Ṣe ni mo dà bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n dè.”

Folola kò jù ú nù. Ó fi epo àgbọn pa á kí ewé má bàa ṣẹ́, ó tú u, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ewé náà ṣe kiekie, ìgbànú obìnrin tí okùn híhun máa ń rọ̀ wálẹ̀ lára rẹ̀ dé orúnkún. Fakamē ló ń múra sílẹ̀ fún, Ọjọ́ Ìsinmi tí àwọn ọmọdé máa ń dìde ka ẹsẹ Bíbélì àkọ́sórí níwájú ìjọ. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń hun ẹní fi ṣe yẹ̀yẹ́.

“Folola, ṣé ewé tuntun tán nílẹ̀ ni? Ahun!” Vika ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

“Ẹnu ẹ ló ń ṣahun. Èyí tó ti mọ ara ọmọ mi ni mo fẹ́ kó ró.”

“Kó yáa má dàgbà jù o. Lọ́dún tó ń bọ̀, wàá tún tú u.”

“Màá máa tú u títí á fi relé ọkọ.”

Ọ̀fun ló kọ́kọ́ dun Ofeina. Nígbà tó yá, àrùn náà wọ ọkàn rẹ̀. Wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, pósí ni wọ́n fi gbé e bọ̀.

Lọ́dọ̀ wa, arábìnrin bàbá ni olórí òkú. Fahu là ń pè é. Òun ló ń jókòó níbi orí òkú, òun ló sì ni gbogbo ẹní tí a bá tẹ́ òkú sí, pẹ̀lú ohunkóhun tó bá wà lórí wọn. Ohun tí fahu bá ti mú, a kì í tọrọ rẹ̀ padà. Latai, ẹ̀gbọ́n obìnrin Maka ọkọ Folola, ni fahu Ofeina.

Ní alẹ́ àìsùn òkú, Folola gbé kiekie tí kò tíì parí náà lé ìdí ọmọ. Ó ní kó kàn ró o di àárọ̀ ni, òun á mú un. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń gbé ọmọ padà sínú pósí, kiekie já bọ́ sórí ẹní. Ojú ìyá wà lára pósí. Àwọn ọmọ Latai ká àwọn ẹní jọ, wọ́n kó wọn sí ọkọ̀ akẹ́rù, ó parí.

Mo bi Folola bóyá ó gbàgbé òfin ni.

“Mi ò gbàgbé nǹkan kan. Mo rò pé tí Latai bá rí i, á mọ̀ pé ti ìyá ni.”

“Kí ló dé tí ẹ ò béèrè lọ́wọ́ wọn?”

“Ṣé bàbá tìẹ ò ní arábìnrin ni?”

Ọgbọ́n mìíràn ló dá. Ó hun ẹní ńlá kan, ó gbé e lọ sílé Latai. Ó rò pé bóyá inú fahu á dùn débi tí á fi béèrè fúnra rẹ̀ pé, kí lo fẹ́?

Latai rí ẹní náà, ó pariwo. “Ìyàwó wa! Ta ló kú tí o fi gbé irú èyí wá?” Kíá ló fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. “Má bínú. Ẹnu burúkú ni mo ní. Jókòó, jẹun. O ti gbẹ bí ẹja orí okùn.”

“Mo ti yó, ọkọ mi.”

“Irọ́ ni. Kí ló wà níkùn ẹ? Sọ ọ́.”

Ohun tó rìn wá gbọ́ gan-an nìyẹn. Folola la ẹnu. “Kò sí nǹkan kan. Mo kàn ní kí n wá kí yín ni.”

“O ṣeun. Ó dáa bí o ṣe wá. Mo ti bá ẹ parí nǹkan kékeré tó wà ní ìdí Ofeina. Ọwọ́ mi ò tó tìẹ, má fi mí rẹ́rìn-ín o! Toakase ọmọ-ọmọ mi ló máa ró o ní Fakamē, ká lè fi rántí ẹ̀gbọ́n ẹ̀.”

“Ẹ ṣeun, ọkọ mi,” ni Folola wí.

Latai sọ fún mi pé ká ní ìyàwó àwọn béèrè ni, lójú ẹsẹ̀ lòun ì bá fún un. Bóyá. Ó rọrùn fún ẹni tí wọn kì í tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ láti sọ pé òun ì bá ti yọ̀ǹda.

Ní ọjọ́ Fakamē, ẹ̀yìn pátápátá ni Folola jókòó sí, nínú aṣọ dúdú. Toakase ka ẹsẹ tirẹ̀ láìṣì í. Bó ṣe ń mira, okùn kan ń tú níbi ìgbànú rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn, ó sáré wá bá Folola níta.

“Ìyá Ofeina, ẹ wò ó, ó ń tú! Màmá àgbà ní ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣé kí n bọ́ ọ fún yín?”

Ọwọ́ ọmọ náà ti wà níbi tí wọ́n ti so ó.

“Má bọ́ ọ,” ni Folola wí. “Dúró jẹ́ẹ́.”

Ó kúnlẹ̀. Ó tún okùn náà hun wọ inú ìgbànú, ó fi eyín fà á, ó ta á ní kókó méjì tí kò ní tú àfi tí wọ́n bá fi ọ̀bẹ gé e. Ó ní kí Toakase yí. Ọmọ náà yí, gbogbo okùn náà sì fò sókè yí i ká. Ó bá a mu rẹ́gí.

Vika ń pè é láti ibi tí wọ́n tẹ́ oúnjẹ sí. “Folola, ibo lò ń lọ? Iṣu ti jinná!”

“Ewé mi wà nínú òkun,” ló dáhùn, kò wẹ̀yìn. “Mo fẹ́ kó o kí omi tó kún.”

Ọjọ́ Ìsinmi ni. Kò sí ẹni tó ń fọwọ́ kan ewé lọ́jọ́ Ìsinmi ní erékùṣù wa, Vika náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó bu oúnjẹ rẹ̀ sọ́tọ̀, ó fi ewé bò ó, kò pè é mọ́.