Ọkùnrin Tí Dádì Àmẹ́ríkà Fi Etí Wò

Ìwọ tó o jókòó tó ò ń ka èyí, ṣé o ti jiyàn rí títí ọ̀fun ẹ fi gbẹ, lórí eré tí o ò lè ṣe fún ìṣẹ́jú méjì? Èmi ti ṣe é. Bésíbọ́ọ̀lù ni. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù kékeré, ẹnì kejì á fi igi gbá a, á wá sáré yípo. Mo gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní páàkì Mayesbrook nítòsí ilé wa. Bọ́ọ̀lù kọjá lọ ní tiẹ̀, igi fò bọ́ lọ́wọ́ mi, ajá kan sì sáré gbé e lọ fún olówó ẹ̀. Èmi yìí kan náà ni mo máa ń sọ ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù láyé.

Dádì Àmẹ́ríkà ló kó mi sínú iyàn yẹn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n. Wọ́n wa takisí ní Àmẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí mo parí ilé ìwé lọ́dún yìí, tí iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní jẹ́ kí n máa mú àga gbóná, èmi àti wọn la jọ máa ń wo bésíbọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Tiwọn ni àwọn ará àtijọ́, tèmi ni àwọn tòde òní. Wọ́n ní ọkùnrin kan wà nígbà tiwọn, tó bá gbá bọ́ọ̀lù, gbogbo èèyàn á gbójú sókè bí ẹni tó ń retí òjò. Mo ní àwọn tó ń jù ú sí i nígbà yẹn ń rọra jù ú bí ẹni ń ju bísíkíìtì sọ́mọ. Wọ́n ní ṣé èmi, tí mi ò lè ju ìdọ̀tí sínú garawa kó wọlé, ni mò ń sọ bẹ́ẹ̀. A máa rẹ́rìn-ín títí. Ká sòótọ́, mi ò ní ọ̀rẹ́ tó tó wọn.

Ni mo bá bà á jẹ́. Ọjọ́ Sunday kan ni, lẹ́yìn ìsìn, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Chadwell Heath. Àwọn àgbà ìjọ ṣì wà nínú sùtánà funfun, wọ́n jókòó láìwọ bàtà, wọ́n ń jẹ ìrẹsì. Dádì ń ròyìn ọkùnrin wọn yẹn, bí òógùn ṣe máa ń dán lápá ẹ̀ tó bá ti gbé igi sókè. Gbogbo wọn ń mi orí. Èmi sì mọ nǹkan kan tí Dádì ti sọ fún mi nílé, àwa méjì péré.

"Dádì, ṣebí inú rédíò takisí lẹ ti ń gbọ́ ọ? Ẹ ò rí i rí."

Mo rò pé àwàdà ni. Àgbà kan, ará Ìjẹ̀bú, kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ni gbogbo wọn bá tẹ̀ lé e. Dádì wo ẹsẹ̀ ara wọn. Wọ́n ní òótọ́ ni.

Nígbà tí Sátidé dé, wọ́n ní ó rẹ àwọn, wọ́n gòkè lọ sùn. Sátidé kejì, bákan náà. Èmi nìkan jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Àyànfẹ́ mi gbá bọ́ọ̀lù kan tó dà bíi pé kò ní bọ̀ mọ́, kò sì sẹ́ni tó máa bú mi.

Mo tọrọ àforíjì o. Mo fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ sí fóònù wọn, mo tún fi àwòrán ojú tó ń sunkún mẹ́ta sí i. Mọ́mì mi rí i.

"Ṣé fóònù ló máa bá ẹ dọ̀bálẹ̀ ni? Níwájú àgbà lo ti dójú tì wọ́n. Àgbà náà ló máa bá ẹ bẹ̀ wọ́n."

Bí mo ṣe wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Creekmouth nìyẹn, níbi tí bàbá ará Ìjẹ̀bú yẹn ti ń kó ẹrù ní ilé ìkẹ́rù-sí kan. Mo ṣàlàyé títí ojú fi tì mí. Bàbá ní ẹ̀bẹ̀ méjì làwọn máa gbé wá, torí eyín tàwọn náà jẹ̀bi.

Bàbá Ìjẹ̀bú dé ilé wa ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, eruku wọ̀ mí nímú, mo sín sí ẹsẹ̀ Dádì. Bàbá Ìjẹ̀bú bẹ̀ títí, wọ́n bẹ̀ fún mi, wọ́n bẹ̀ fún eyín ara wọn. Dádì ní kí n dìde kí n tó fi imú gbálẹ̀ ilé.

"Mi ò rí i rí lóòótọ́," wọ́n sọ ọ́ fún bàbá Ìjẹ̀bú, kì í ṣe fún mi. "Ẹ̀gbẹ́ títì ni mo máa ń páàkì sí, kí n lè gbọ́ ibi tí bọ́ọ̀lù bọ́ sí. Ìgbà tí mo fi ráyè lọ sí pápá, ó ti fẹ̀yìn tì."

Dádì mú rìmóòtù, wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n.

"Tìẹ náà, jẹ́ ká fi etí wò ó. Ìgbà yẹn ló máa dọ́gba."

Mo wá rédíò tó ń sọ bọ́ọ̀lù ọ̀hún lórí fóònù. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dijú. Nígbà tó kan àyànfẹ́ mi, ohùn ẹni tó ń ròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ọmọkùnrin náà sì tóbi ju bí mo ṣe ń rí i tẹ́lẹ̀ lọ, èjìká ẹ̀ kún pálọ̀ wa. Bí Ọlọ́run ṣe gbọ́ mi, mo rí òógùn lápá ẹ̀. Bàbá Ìjẹ̀bú bèèrè bóyá góòlù ti wọlé. Dádì ní kò burú, ọmọ náà ń gbìyànjú. Tó bá jẹ́ Dádì ló sọ bẹ́ẹ̀ nípa ará òde òní, oyè ni wọ́n fi í jẹ.

Àtìgbà yẹn, etí la fi ń wò ó. Mo ti wá ro àwọn méjèèjì pọ̀ dáadáa, tiwọn àti tèmi, mo sì ti mọ èyí tó ju èkejì lọ. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé…

Dádì ń pè mí láti ìsàlẹ̀.

"Kí lò ń kọ látàárọ̀? Ó yá, bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ti ń jù ú."