Ayálégbé Tí Mi Ò Mọ Orúkọ Rẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, tí mi ò sọ fún àwọn ọmọ mi pàápàá. Àná ni ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé bi mí pé kí ni onílé lè ṣe tí ayálégbé rẹ̀ bá jáde lọ tí kò padà wá mọ́. Mo ní kó jẹ́ kí n ronú sí i ná. Irọ́ ni! Mi ò nílò àrònú kankan. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí.

Ẹ̀gbẹ́dá nílùú Èkó ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ọkọ mi ti kú, ilé oníyàrá mẹ́jọ tó fi sílẹ̀ ni mo fi ń tọ́ àwọn ọmọ. Yàrá mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn láàárín, kànga lẹ́yìnkùlé. Ẹ ṣáà mọ irú ilé tí mò ń sọ.

Bàbá Ìbejì ló ń gbé yàrá tó kángun sí kànga. Bíríkìlà ni. Òun nìkan ló wà níbẹ̀, ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà nílùú wọn. Ọjọ́ tó kó dé ló ti fi fọ́tò àwọn ìbejì rẹ̀ han gbogbo wa, ọmọbìnrin méjì tí wọ́n ká eyín iwájú. Láti ọjọ́ náà ló ti di Bàbá Ìbejì. Ta ló tún fẹ́ máa bi àgbàlagbà lórúkọ? Láyé ìgbà yẹn, bí ẹni ń rí èèyàn fín ni. Èmi náà, Màmá Táyọ̀ ni wọ́n ń pè mí. Kódà nínú rìsíìtì, Bàbá Ìbejì ni mo kọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ká a, ó kì í bọ àpò.

Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Nígbà tí etí kànga ń ya, òun ló bá mi rẹ́ ẹ láìgba kọ́bọ̀. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á kí gbogbo ilé ní yàrá kọ̀ọ̀kan kó tó lọ wẹ̀. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kó tó kí wa tán, omi tó fẹ́ fi wẹ̀ á ti gbẹ!

Ó jáde láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, kò wọlé lálẹ́. Kò sẹ́ni tó mira, torí ó máa ń sùn sí sáìtì nígbà mìíràn. Ọjọ́bọ̀ kọjá, Jímọ̀ kọjá, ọjọ́ Àìkú dé, àgádágodo ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìyá Bọ́sẹ̀, ayálégbé tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, wá bá mi pé ara òun ò gbà á mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lèmi àti ẹ̀ gbéra. Téṣàn ọlọ́pàá la kọ́kọ́ lọ. Ọlọ́pàá tó wà ní káńtà béèrè orúkọ rẹ̀. Mo ní Bàbá Ìbejì. Ó ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ńkọ́? Mo wo Ìyá Bọ́sẹ̀, Ìyá Bọ́sẹ̀ wò mí. Ìlú rẹ̀ ńkọ́? A ní ó jọ pé ọ̀nà Òkè-Ògùn ni. Ọkùnrin náà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó ní ṣé ó dá mi lójú pé èmi ni mo nilé ọ̀hún? Ojú tì mí, àmọ́ mo tún ń bínú sí i.

Láti ibẹ̀ la gba ọsibítù ìjọba kan lọ. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ ṣí ìwé, ó ní òun ò rí Bàbá Ìbejì kankan. Ṣùgbọ́n ọmọlúàbí ni. Ó ní ọkùnrin méjì wà tí wọ́n gbé wá láìmọ orúkọ wọn, kí a wá wò wọ́n. A wò wọ́n. Kì í ṣe òun!

Inú wa dùn, ẹ má parọ́ fún ara yín pé inú tiyín ò ní dùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní kọ́ridọ̀ yẹn, mo gbọ́wọ́ sókè. A ra ẹ̀pà jẹ lọ́nà bí a ṣe ń bọ̀ wálé.

Mo fẹ́ já ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, bóyá a ó rí ohun tí a lè fi mọ ibi tí àwọn èèyàn rẹ̀ wà. Alága àwọn onílé àdúgbò wa ló ní kí n má dán an wò. Ó ní tó bá dé ńkọ́, tó ní owó òun wà lábẹ́ pílò? Ó ní onílé kan já ilẹ̀kùn báyìí rí, ó di èrò àtìmọ́lé. Kí n ní sùúrù fún oṣù kan jàre.

Mo gbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹ̀rù orúkọ burúkú bà mí ju ẹ̀rù ohun tó lè ti ṣe ọkùnrin náà lọ.

Nígbà tí oṣù kan pé, Alága wá, ọlọ́pàá kan wá, Ìyá Bọ́sẹ̀ náà dúró. Káfíńtà já ilẹ̀kùn. A ń kọ gbogbo ohun tí a bá rí sílẹ̀: bẹ́ẹ̀dì kan, sítóòfù, irinṣẹ́ rẹ̀ tó tò sábẹ́ fèrèsé, gáùn kékeré méjì tí wọ́n rán láti ara aṣọ kan náà. Nínú àpótí la ti rí lẹ́tà. Wọ́n kọ ọ́ sí Ọ̀gbẹ́ni Kásálí Àjàní. Ìyá Bọ́sẹ̀ ní ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ọjọ́ náà gan-an ni mo mú orúkọ náà padà sí ọsibítù. Akọ̀wé yẹn náà ló wà níbẹ̀. Ó ṣí ìwé, ìka rẹ̀ dúró lójú kan. Nọ́ọ̀sì kan ló lọ pè wá fún mi.

Nọ́ọ̀sì ní bọ́ọ̀sì ló gbá a ní ibùdókọ̀ Pleasure lọ́jọ́ Ajé tó jáde nílé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, àyà rẹ̀ sì fara pa nínú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ orúkọ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí láàárín àwọn tí wọn ò mọ orúkọ wọn. Lọ́jọ́ tí mo gbọ́wọ́ sókè ní kọ́ridọ̀, ó ń bẹ láàyè nínú wọ́ọ̀dù tó wà lẹ́yìn ògiri. Ọjọ́ kẹta sígbà náà ló kú. Àwọn Mùsùlùmí kan tí wọ́n máa ń sin ẹni tí kò ní èèyàn ló sin ín.

Ẹni tí kò ní èèyàn! Mo pariwo mọ́ nọ́ọ̀sì pé kí ló dé tí Bàbá Ìbejì ò ránṣẹ́ sílé?

Ó ní ó ránṣẹ́. Ó ní obìnrin kan tó ń tọ́jú àbúrò rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù ló bá a jíṣẹ́ lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá, ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó ṣàpèjúwe ilé fún un dáadáa, títí kan géètì búlúù. Obìnrin náà padà wá sọ fún un pé landlady ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé òun.

Ó wá sí mi lọ́kàn lójú ẹsẹ̀. Mò ń fa omi lọ́wọ́ ní Ọjọ́bọ̀ náà. Obìnrin kan gba géètì wọlé, ó yọjú sí mi lẹ́nu kànga, ó ní ẹ jọ̀ọ́ mà, Ọ̀gbẹ́ni Kásálí ló… Mi ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Mo ní kò sí Kásálí kankan níbí, kó lọ wò ó ní ṣíríìtì kejì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó yí padà.

Mo bi nọ́ọ̀sì pé kí ni Bàbá Ìbejì wí nígbà tó gbọ́. Kò kọ́kọ́ fẹ́ sọ. Nígbà tó yá, ó ní Bàbá Ìbejì ní ó lè jẹ́ pé landlady òun ti fi yàrá òun fún ẹlòmíràn. Kò rán ẹnikẹ́ni mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Àdírẹ́sì inú lẹ́tà la fi rí ìyàwó rẹ̀. Ó wá pẹ̀lú àwọn ọmọ méjèèjì. Alága ka ẹrù fún un, gbogbo rẹ̀ pé pérépéré. Ó kúnlẹ̀ fún mi. Ó ní ọkọ òun máa ń sọ fún òun pé ọ̀dọ̀ ìyá gidi ni òun ń gbé. Mo ní kò tọ́pẹ́, mo fà á dìde. Mi ò sọ fún un. Ẹ gbọ́ mi? Mo gba ọpẹ́ náà, mo sì dákẹ́.

Torí náà, ọmọ ọ̀rẹ́ mi, èsì rẹ rèé. Ọjọ́ tí ayálégbé bá kó dé ni kí o ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, àti ìlú rẹ̀, àti ibi tí o ti lè rí ẹbí rẹ̀ kan. Bó bá pòórá, má dúró de oṣù kan o! Pe ọlọ́pàá, pe alága, pe ará ilé tó kù, ẹ jọ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ kọ ohun gbogbo sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì wá béèrè ẹni tí o ò mọ̀, jẹ́ kó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí, yálà onílé tàbí ayálégbé? Ẹ kọ ọ́ fún mi, màá kà á. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ kan ilẹ̀kùn ẹni tó ń gbé tì yín, kí ẹ bi í lórúkọ. Kò ní bínú. Bàbá Ìbejì náà kì bá tí bínú sí mi.