Orélia àti Ẹgbẹ́ Bọ́ọ̀lù Tí Kò Dé Wanament

Bí ẹ bá bọ Màmá Orélia Dieujuste lọ́wọ́, ẹ ó rò pé èèpo igi lẹ dì mú. Àtàǹpàkò méjèèjì ti wọ́, ìka kan lọ́wọ́ ọ̀tún kò sì ṣeé nà mọ́. Abẹ́rẹ́ ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi rán bọ́ọ̀lù ní Pọtoprens, olú ìlú orílẹ̀-èdè wa, nínú ilé iṣẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfuurufú, òun àti ọ̀pọ̀ obìnrin mìíràn lórí bẹ́ǹṣì, láìsí fáànù. Bọ́ọ̀lù funfun kékeré tí wọ́n ń fi igi gbá ni mò ń wí, èyí tí wọ́n fi òwú pupa so awọ méjì rẹ̀ pọ̀. Ojú abẹ́rẹ́ igba ó lé mẹ́rìndínlógún ló wà lára ẹyọ kan. Ẹ̀rọ ò lè rán an, àfi ọwọ́ èèyàn. Bí òwú ẹnì kan bá dẹ̀, alábòójútó á ju bọ́ọ̀lù náà padà lù ú láyà.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, Orélia ò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń gbá nílùú tiwa. Ó sọ fún mi pé òun rò pé àwọn òyìnbó ń gbé e sórí tábìlì kí ilé lè dùn-ún wò ni. Nígbà tó wá di òwúrọ̀ Mọ́ńdè kan, wọ́n dé ẹnu géètì, wọ́n bá àgádágodo. Ọ̀gá ti kó awọ, ó kó òwú, ó ti gba ìlú mìíràn lọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ẹ kú iṣẹ́.

Ó padà wá sí Wanament, ìlú ìyá rẹ̀, níbi tí odò ti pààlà sáàárín àwa àti àwọn ará Dominíkà tá a jọ wà lórí erékùṣù kan. Òkìrìkà ló ń tà. Ní gbogbo Mọ́ńdè àti Fúráìdè, á ru ẹrù aṣọ kọjá afárá lọ sí ọjà Dajabón lọ́hùn-ún. Ọjà yẹn ló ti gbọ́ èdè wọn débi pé ó lè fi bú oníbàárà tó bá ń ná aṣọ rẹ̀ láìfẹ́ rà á. Ibẹ̀ náà ló ti kọ́kọ́ rí eré yẹn, láti ẹ̀yìn wáyà. Ọkùnrin kan fi igi lu bọ́ọ̀lù kan. Rẹfirí mú un, ó yí i wò, ó rí ibi tó họ díẹ̀, ó sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fa òmíràn yọ lápò. Orélia rí òwú pupa náà, ó mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ òun nìyẹn. Ó gbé ẹrù rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Tíṣà ni mí, ojúlé kejì sí tirẹ̀ ni mò ń gbé, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ṣojú mi.

Fritznel Bazelais ló dá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ìlú wa sílẹ̀. Géńdé ọkùnrin ni, ó ti ṣe lébírà níbi ilé kíkọ́ ní Santiago, lọ́dọ̀ àwọn ará Dominíkà, ibẹ̀ ló ti kọ́ bọ́ọ̀lù onígi. Nígbà tó padà dé, ó kó ọkùnrin méjìdínlógún jọ, wọ́n ń gbá a lórí ilẹ̀ gbẹrẹfu kan lẹ́bàá títì. Bí bọ́ọ̀lù wọn bá ti ya, Màmá Orélia ló máa ń gbé e wá fún. Obìnrin náà á bú u, á sì tún un rán fún un.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a jókòó síwájú ilé, Fritznel dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Tíṣà."

"Mélòó lo tún bàjẹ́?" Màmá bi í.

"Mi ò mú bọ́ọ̀lù wá lónìí. Ìròyìn ni mo gbé wá. Líìgì Cordillera ń bọ̀."

"Ta nìyẹn? Ìyàwó tuntun ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Fritznel ò rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará Dominíkà, pé wọ́n fẹ́ fi ẹgbẹ́ kan kún un, wọ́n sì ń wò ó bóyá ìlú tiwa ni wọn yóò gbé e sí.

"Àwọn tó ń pè mí ní 'ìwọ dúdú yìí' lọ́jà ni wọ́n fẹ́ gbé ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wá fún mi?"

"Màmá, ayé ti ń yí."

"Ó ń yí lóòótọ́. Orí wa ló ń yí gbà kọjá."

"Wọ́n ti gbọ́ nípa yín. Wọ́n ní àwọn fẹ́ yẹ́ ẹni tó fi ọwọ́ rán an sí."

Màmá pòṣé, ó wọlé lọ. Àmọ́ nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo rí i tó ń lọ aṣọ funfun tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bàtà dúdú rẹ̀ sì wà nínú oòrùn, ó ti kùn ún. Ó rí mi tí mò ń wò ó. "Máa bá tìẹ lọ, Tíṣà," ló wí.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi tún pápá náà ṣe. Wọ́n lé àwọn ewúrẹ́, wọ́n ṣa òkúta, wọ́n fi ẹfun fa ìlà tó tọ́ gbọnrangandan. Àwọn obìnrin àdúgbò dá èlò oúnjẹ jọ. Wọ́n pa ewúrẹ́, wọ́n se ìrẹsì dúdú tí wọ́n fi omi olú sè, wọ́n din ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n sì fi kábéèjì àti ata sínú ọtí kíkan.

Àárọ̀ Sátidé ni àwọn àlejò dé, pẹ̀lú jíìpù méjì, bọ́ọ̀sì kan, àtàwọn ẹ̀ṣọ́. Don Leovigildo Ureña, alága líìgì náà, ló ṣíwájú, ọkùnrin sísanra kan tó dé akẹtẹ̀. Don ni wọ́n ń pe ọ̀gá lédè wọn. Ọmọbìnrin kan ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìgò sípíríìtì. Gbogbo ọwọ́ tí Don bá bọ̀, ọmọbìnrin náà á da sípíríìtì sí i lọ́wọ́, Don á sì fi ra ọwọ́. Kò tilẹ̀ dúró kí ẹni tó bọ̀ lọ́wọ́ kúrò níwájú rẹ̀. Nígbà tó kan Màmá Orélia, Màmá rí bí Don ṣe ń fi sípíríìtì nu ọwọ́ òun kúrò lára tirẹ̀. Mo rí ojú Màmá. Mo gbójú mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Wọ́n pín ẹ̀wù búlúù tí wọ́n kọ WANAMENT sí láyà, wọ́n pín fìlà àti ìbọ̀wọ́ aláwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Fritznel gbé ìbọ̀wọ́ tirẹ̀ símú, ó ń fa òórùn awọ náà. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù náà fún ìgbà díẹ̀, ayàwòrán tó bá wọn wá ní ó ti tó. Ó wá yíjú sí Màmá. Fritznel ló ń túmọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Màmá gbọ́ ohun gbogbo.

"Wọ́n ní kí ẹ jókòó sílẹ̀, Màmá."

"Àga wà níbí."

"Wọ́n ní ilẹ̀. Wọ́n tún ní kí ẹ bọ́ bàtà."

"Kí ló dé? Ṣé ẹsẹ̀ ni mo fi ń rán an ni?"

Fritznel rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ṣe é nítorí tèmi."

Ó bọ́ bàtà náà. Ó jókòó sínú eruku pẹ̀lú aṣọ funfun yẹn. Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù tí wọ́n ti rán parí fún un, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí kò ní òwú, wọ́n ní kó máa ṣe bí ẹni ń rán nǹkan, kó má rẹ́rìn-ín. Ó ṣe é. Títí dòní, ohun tó kórìíra jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, pé òun ṣe é.

Nígbà tó di oúnjẹ ọ̀sán, àwọn àlejò ò fọwọ́ kan ohun tí àwọn obìnrin sè. Wọ́n ṣí ike oúnjẹ tí wọ́n gbé wá láti ilé wọn, wọ́n ń jẹ ẹ́ lábẹ́ igi fúrúùtù, ẹ̀yìn wọn ni wọ́n kọ sí ìkòkò wa. Màmá Orélia wà lẹ́yìn igi náà, ó ń bu omi fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbọ́ tí lọ́yà líìgì náà, Evaristo, ń sọ̀rọ̀.

"Don Leo, kò síná níbí. Kò sí òtẹ́ẹ̀lì. Ta ló máa ra tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn ewúrẹ́?"

"Ta ló sọ fún ẹ pé ibí la ti máa gbá a? Orúkọ la wá mú. Àwọn òyìnbó Àríwá, àwọn tó ni eré yìí, ti ṣèlérí ìrànwọ́ owó fún líìgì tó bá gbé eré yìí wọ ìlú aládùúgbò tó tòṣì. Santiago ni ẹgbẹ́ Wanament á ti máa gbá bọ́ọ̀lù, àwọn ọmọ tiwa ló sì máa gbá a. Àwòrán ìyá àgbà yẹn ti tó."

"Àwọn ìbọ̀wọ́ ńkọ́?"

"Gba ìbọ̀wọ́ náà padà, kí wọ́n tó fi ọwọ́ ẹlẹ́gbin wọn bà á jẹ́."

Màmá jáde láti ẹ̀yìn igi, láìwọ bàtà, omi ń kán lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀sán, Don," ó fi èdè wọn kí i. "Èdè yín yé mi. Ẹ pa àwòrán mi rẹ́."

Don rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ ò gbọ́ wa yé. Ẹ gba nǹkan, ẹ fi ra ọṣẹ." Ó ti ń wá owó lápò.

"Dá a padà sápò ẹ. Ọwọ́ mi lẹ́gbin."

Mo kíyè sí i pé ó ti pa "ẹ̀yin" tì. Ìwọ-ìwọ ló ń fi bá a sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bá alápamáṣiṣẹ́ sọ̀rọ̀.

Lásìkò yẹn, àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ń gba ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ọ̀kan lára wọn ń bá ẹ̀ṣọ́ fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Màmá bọ́ sáàárín pápá, ó sì fi èdè wa sọ gbogbo ohun tó gbọ́, láìfi kún un, láìyọ kúrò. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú òkúta.

"Ju òkúta yẹn sílẹ̀," Màmá wí. "Wọ́n máa ya àwòrán ìyẹn náà."

Ọkùnrin náà jù ú sílẹ̀.

"Ẹ bọ́ ẹ̀wù náà fúnra yín. Ẹ ká a dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bọ́ ọ lọ́rùn yín."

Wọ́n bọ́ ọ. Ọkùnrin méjìdínlógún ló dúró láìwọ ẹ̀wù nínú oòrùn, tí wọ́n ń ká aṣọ. Fritznel ló ká tirẹ̀ kẹ́yìn. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Àwọn obìnrin wá bu oúnjẹ fún wọn. Wọ́n tún bu fún ọ̀kan lára àwọn ẹ̀ṣọ́, ọmọ Dominíkà tó dúdú bí tiwa. Ó jẹ ẹ́, kò gbójú sókè títí tó fi jẹ ẹ́ tán.

Wọn ò pa àwòrán náà rẹ́. Kò tó oṣù méjì, wọ́n gbé e kọ́ sójú pátákó gìrìwò kan nítòsí ọjà Dajabón, Màmá Orélia nínú eruku, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí: Bọ́ọ̀lù kan, erékùṣù kan. Àwọn oníbàárà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún un. "Ìyá oníbọ́ọ̀lù, ṣé wọ́n ti sọ ẹ́ dolówó?" Ó kó igbá ọjà rẹ̀ lọ sí ìpẹ̀kun ọjà, níbi tí oníbàárà kì í sábà dé, ó ní ó sàn kí ebi pa òun ju kí òun máa wo ìyẹn lọ.

Líìgì rí ìrànwọ́ wọn gbà. Ẹgbẹ́ Wanament gbá bọ́ọ̀lù fún sáà kan ní Santiago, kò sí ọmọ Wanament kankan níbẹ̀. Wọ́n fìdí rẹmi lemọ́lemọ́. Nígbà tó di ọdún kejì, wọ́n pààrọ̀ orúkọ rẹ̀. Fritznel gba orílẹ̀-èdè Chile lọ, ó ń ru páálí nínú ilé ìkẹ́rù kan. Bó bá pè, kì í mẹ́nu ba bọ́ọ̀lù. Màmá náà ò tún bọ́ọ̀lù rán fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Pápá yẹn ti di ibùgbé. Àwọn tí wọ́n lé padà láti òdìkejì odò ló ta tapólì sí i, àwọn mìíràn ò gbọ́ èdè wa, lọ́hùn-ún ni wọ́n bí wọn sí. Lọ́jọ́ tí kò bá sí ọjà, Màmá Orélia máa ń ṣa aṣọ nínú ẹrù rẹ̀, á gbé e lọ fún wọn, á sì fi èdè Dominíkà bá àwọn ìyá ọlọ́mọ tàkúrọ̀sọ.

Mo bi í léèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá bóyá eré yẹn lè dé ìlú wa lóòótọ́ lọ́jọ́ kan.

"Ó lè dé," ó wí. "Ta ló ní kò lè dé? Àwọn tó máa gbé e dé ni mo ti rí, wọ́n sì rí mi lára." Ó tẹ̀ ba lórí ẹrù aṣọ rẹ̀. "Wá bá mi gbé ìdí ẹrù yìí, Tíṣà. Àwọn ìyá ọlọ́mọ ń dúró."