Àgbàdo Tí Dominique Kò Gbìn

Dominique ni àkọ́bí ẹ̀gbọ́n mi tó kú. Bíró kan ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Atakpamé. Ó ń lu òǹtẹ̀ sórí ìwé. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti ń lù ú, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ bí ọwọ́ ọmọ titun.

Bó bá wá sí Akparé, ìlú wa, etí wa kì í sinmi. Oko mi báyìí, oko mi bọ́hùn-ún. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé tòun ti ọkọ́ ni wọ́n bí i. Oko wo? Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló débẹ̀ lọ́dún yìí kí àgbàdo tó gbó. Lẹ́ẹ̀kíní, bàtà funfun ló wọ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ya fọ́tò. Lucie, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ló gbìn ín, òun náà ló ro ó. Lucie kì í sọ̀rọ̀.

Nílé wa, tí àgbàdo bá kọ́kọ́ gbó lóṣù kẹfà, ẹnikẹ́ni kì í fẹnu kàn án kí ìyá ilé tó jẹ ẹ́. Ẹni tó gbìn ín á fà á tu tigi tigbòǹgbò, pẹ̀lú erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, á gbé e wá. Ìyá á ya ọ̀kan, wọ́n á sun ún, á jẹ ẹ́, á ṣàdúrà fún ẹni tó gbé e wá. Àwa yòókù á wá jẹ tiwa. A ó se ọbẹ̀ olú. Àwọn ọmọ á wẹ̀ nínú òjò. Ìyẹn tó wa.

Ti ọdún yìí le díẹ̀. Àga ẹ̀gbọ́n mi ṣófo. Àyọ̀kẹ́, ìyàwó rẹ̀, ìyá ilé wa, sì ti sọ fún gbogbo wa pé ẹni tóun bá jẹ àgbàdo rẹ̀ ni yóò jókòó síbẹ̀, tí yóò máa pín ilẹ̀ fún ẹbí. Dominique fẹ́ àga yẹn bí ajá ṣe ń fẹ́ eegun.

Òun àti Rosine ìyàwó rẹ̀ dé lọ́jọ́ Sátidé, lórí ọ̀kadà sémíjàn. Ó gba oko lọ. Nígbà tó ṣe, ó gbé igi àgbàdo kan dé, ó nà án síwájú kó má ba ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́.

"Màmá, iṣẹ́ ọwọ́ mi rèé. Ẹ̀yin ẹbí mi ọ̀wọ́n, ní ọjọ́ ńlá òní…"

"Gbé ọ̀rọ̀ sílẹ̀," mo ní. "Ebi ń pa wá."

"Bàbá kékeré, ẹ fún mi láyè."

"Àgbàdo la wá jẹ, a ò wá jẹ ẹnu rẹ."

Àyọ̀kẹ́ wo igi náà. Ìtàkùn kan wé mọ́ ọn. "Kí lèyí?"

"Koríko ni, Màmá." Ó já a kúrò, ó jù ú sí ewúrẹ́. "Mo ti fa púpọ̀ tu níbẹ̀ láàárọ̀ yìí. Oko ti mọ́."

Lucie dìde. "Púpọ̀ bíi mélòó, ẹ̀gbọ́n?"

"Gbogbo poro mẹ́ta àkọ́kọ́."

Lucie gbé ọwọ́ lérí. "Ẹ̀wà mi!"

Ẹ̀rín pa Rosine, ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Armelle, ẹ̀wà lẹ fi ń bọ́ ewúrẹ́ yẹn o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jẹ ẹ́ láràárọ̀!"

"Ẹ̀wà? Lórí àgbàdo?"

"Níbo lo fẹ́ kó gùn?" Àyọ̀kẹ́ ní. "Orí tábìlì bíró rẹ?"

Kò tún wo igi náà mọ́. Ó ní kí Lucie lọ fa tirẹ̀ wá. Lucie fà á wá, tigi tìtàkùn. Wọ́n sun ún. Eyín Àyọ̀kẹ́ ò pọ̀ mọ́, ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó gbé e mì, ó gbé ọwọ́ lé Lucie lórí, ó ṣàdúrà fún un, ó sì tọ́ka sí àga.

"Màmá, obìnrin ni!" Dominique pariwo. "Èmi ni àkọ́bí."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo bí ọ. Mi ò bí ọkọ́ mọ́ ọ."

Lucie jókòó. Ó jẹ àgbàdo tirẹ̀ tán, ó nu ẹnu.

"Òjò ṣì wà nílẹ̀, ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Irúgbìn ń bẹ nínú agbè. Ẹ ó tún poro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbìn kẹ́ ẹ tó padà sí Atakpamé."

Dominique wò mí bóyá mo máa gbà á sílẹ̀. Mo ń jẹ àgbàdo. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó gbé ọkọ́.

Nígbà tí òjò máa dé lọ́sàn-án, poro kan àti ààbọ̀ ló ti gbìn. Mo lọ wò ó. Ìlà ẹ̀wà náà wọ́.