Àmín tí Mọ̀dínátù Kò Ṣe

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni táńkà epo ti ṣubú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà níwájú ilé Mọ̀dínátù aránṣọ ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni iná ò ràn. Àwọn ará àdúgbò ní Ọlọ́run ló ń ṣọ́ àwọn. Bóyá torí ẹ̀ ni kò fi sẹ́ni tó tún tọ káńsù lọ nípa títì tó bàjẹ́ náà. Ta ló ń gba ọdẹ síbi tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ti ń ṣọ́lé?

Mọ̀dínátù kì í ṣe abaraámóorejẹ. Ó mọ̀ pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ṣùgbọ́n ọdún kẹrin rèé tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú Sàkàrìyáù ọkọ rẹ̀ lápá ọ̀tún, tó sì wọ́ ọ lẹ́nu. Ọkùnrin náà sígbọnlẹ̀, apá ìyàwó rẹ̀ ò ká a láti gbé. Nígbà tí táńkà kẹta ṣubú, gbogbo àdúgbò fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Mọ̀dínátù jókòó ti ọkọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, epo ń ṣàn nínú gọ́tà lábẹ́ fèrèsé, òórùn rẹ̀ gba yàrá kan. Ẹ̀rù bà á débi pé kò rántí àdúrà kankan. Sàkàrìyáù ń fi ọwọ́ òsì tó ṣì lágbára tì í sí ọ̀nà ilẹ̀kùn. Kò lọ.

Nígbà tó di Jímọ̀, àwọn ará àdúgbò ní kó ṣe sàráà ọpẹ́, ó sì dín mósà. Àwọn tó sá dé Ẹ̀gbẹ́dá ló kọ́kọ́ jókòó, wọ́n ń sọ bí Ọlọ́run ṣe tóbi tó. Kò bínú sí wọn. Ta ni kì í sá fún iná?

Ààfáà Múdàṣírù tí wọ́n pè wá ṣàdúrà yíjú sí baálé ilé. “Bàbá, kí lẹ fẹ́ ká bá yín tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run?”

Sàkàrìyáù wo ìyàwó rẹ̀. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde, ó sì lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Látìgbà tí àìsàn ti dé, Mọ̀dínátù nìkan ni ohun tó bá sọ máa ń yé.

“Tí táńkà bá tún ṣubú, kí ìyàwó mi sá. Kó fi mí sílẹ̀.”

Ààfáà rò pé àlàáfíà ni bàbá ń tọrọ. Ó ní bí bàbá ṣe sọ ọ́ yẹn ni kí Ọlọ́run gbà á. Gbogbo ilé ṣe àmín, wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Mọ̀dínátù gbé abọ́ mósà dání láàárín wọn, kò lè la ẹnu rẹ̀.