Fírísà Mi Tó Lọ Sílé Ẹ̀kọ́

Ìgbà tí fírísà mi kú, ọwọ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ owó àjọ ni. Àwa obìnrin àdúgbò wa ní Barkin Sale la jọ ń dá a. Adashi la ń pè é níbẹ̀, yálà Hausa ni ẹni tó gbà á tàbí Nupe tàbí Yorùbá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí kó kàn mí, mo sì ti mọ ohun tí mo fẹ́ fi owó náà ṣe. Obìnrin kan wà ní Tunga Low Cost tó ń kọ́ èèyàn ní kéèkì, ṣínṣín àti míìtì páì. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Mo ti lọ bá a nílé. Mo bi í pé ta ni yóò máa ra fúláwà, ta ni yóò máa ra bọ́tà àti ẹyin, ààrò ta la ó máa lò, ṣé wọ́n sì máa ń gba owó àríyá lọ́wọ́ èèyàn níparí ẹ̀kọ́. Ó ní òun ò rí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ rí, àfi bí lọ́yà. Mo ní èmi kì í ṣe lọ́yà, omi dídì ni mo ń tà.

Omi dídì ni mo ń tà lóòótọ́, òun àti sóbò. Tí oòrùn Minna bá mú bó ṣe máa ń mú kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, àwọn bíríkìlà tó ń kọ́lé káàkiri ọ̀dọ̀ wa kì í jẹ́ kí n jókòó. Ṣùgbọ́n oṣù ààwẹ̀ gan-an ni ọjà mi. Bí ìrọ̀lẹ́ bá ti ń lẹ́, àwọn ọmọ á ti tò sẹ́nu ọ̀nà wa, ike lọ́wọ́ kan, owó lọ́wọ́ kejì, wọ́n á máa ké pé, "Mama, akwai kankara?" Èmi náà á máa dá wọn lóhùn pé akwai, omi dídì wà, títí wọ́n á fi pe ìrun. Ohun tí mo bá rí nínú oṣù kan yẹn, mi ò lè rí i nínú oṣù mẹ́ta mìíràn. Ètò mi ni pé kí owó àjọ san owó ẹ̀kọ́ kéèkì, kí owó omi dídì ra ààrò tí n ó máa fi yan án.

Bí mo ṣe ń to ètò yẹn lọ́wọ́ ni iná mànàmáná bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Ó lọ, ó dé, ó tún lọ. Nígbà tó dé kẹ́yìn, fírísà kò dún mọ́. Mo gbé etí lé e lára, kò sí nǹkan kan. Mo pe bàbá Hausa tó ń tún fírísà àti fáànù ṣe lójú títì wa. Ó tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi wáyà kan ibí kan ọ̀hún, ó mi orí.

"Hajiya, kwamfireso ya mutu, wallahi."

Kọmpirẹ́sọ̀ ti kú. Ó dárúkọ iye tí òun máa gbà, mo pariwo. "Haba, Malam!" Ó ní kí n má bínú, pé kì í ṣe òun ni òun fẹ́ kó owó náà sápò, kọmpirẹ́sọ̀ ló kó o jẹ, owó iṣẹ́ ọwọ́ òun kò tó nǹkan nínú rẹ̀. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ọkọ mi náà wà lórí ìjókòó níbẹ̀, ó gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn.

Bí mo bá san owó àtúnṣe yẹn, owó àjọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nìyẹn. Bí mi ò bá san án, ọwọ́ òfo ni ààwẹ̀ máa bá mi. Ibi tí mo ti ń rò ó síwá sẹ́yìn ni ọkọ mi ti dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì ìjọba. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í mutí, kì í bá èèyàn jà, ṣùgbọ́n tí ọgbọ́n bá sọ sí i lórí báyìí, kí ará ilé rẹ̀ yáa múra.

"Ìyá wọn, Ọlọ́run ti dá wa lóhùn."

"Lórí kí ni?"

"Mo rí pátákó kan ní Tunga. Wọ́n ń kọ́ èèyàn ní àtúnṣe fírísà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré, ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́. Owó rẹ̀ kò tó ìdajì ohun tí Malam yẹn fẹ́ gbà."

"Ẹ̀yin lẹ wá fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́?"

"Kí n kọ́ ọ, kí n tún tìrẹ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyókù owó rẹ á wà níbẹ̀, wàá fi kọ́ kéèkì. Iṣẹ́ ọwọ́ méjì ló máa wọlé wa lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ni fírísà rẹ̀ kì í bàjẹ́ ní Minna yìí?"

"Ṣé ẹ bi wọ́n bóyá owó mìíràn wà níbẹ̀?"

"Kò sí."

"Ta lẹ bi?"

"Ó wà lára pátákó."

Ó yẹ kí n ti mọ̀ láti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn dùn létí, mo wá àbùkù rẹ̀ títí, mi ò rí i. Mo ka owó ilé ẹ̀kọ́ fún un, mo so ìyókù mọ́ inú aṣọ, mo fi í sísàlẹ̀ àpótí.

Kò pẹ́ tí ìyókù náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Wọ́n kọ́kọ́ ní fọ́ọ̀mù kò sí lára owó ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn èyí, wọ́n ní aṣọ iṣẹ́ tí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣe pàtàkì, ẹni tí kò bá wọ̀ ọ́ kò gbọdọ̀ wọlé. Wọ́n ní kí kálukú ra irinṣẹ́ tirẹ̀. Gáàsì tí wọ́n á fi kọ́ṣẹ́ ńkọ́, wọ́n ní àjọdá ni. Owó kẹ̀kẹ́ láti Barkin Sale dé Tunga, àlọ àtàbọ̀, kò tilẹ̀ sí ẹni tó rántí rẹ̀ nínú àwa méjèèjì. Ọkọ mi á wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á húkọ́. Mo wá mọ ikọ́ yẹn dáadáa. Tó bá ti hú u, mo mọ̀ pé ohun tó kàn ni, "Nǹkan kékeré kan ló kù." Kíláàsì fúnra rẹ̀ ò tètè bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀gá wọn ń dúró kí akẹ́kọ̀ọ́ pé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó wà lára pátákó, ìgbà tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, inú rẹ̀ dùn dé. Ó ní ọ̀gá ti ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbé ẹ̀rọ tó bàjẹ́ wá láti ilé, pé ara wọn ni wọ́n á ti kọ́ṣẹ́, ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí owó ẹ̀kọ́ pọ̀. "Ṣé o rí i? Ibẹ̀ gan-an la ti máa tún un ṣe." Mo rí i. Èmi fúnra mi ló bá a gbé e sórí kẹ̀kẹ́ akẹ́rù. Mo ti nù ún mọ́ kí wọ́n má bàa fojú ọ̀bùn wò mí níbẹ̀. Ọmọbìnrin wa ń juwọ́ sí i bí wọ́n ṣe ń wà á lọ.

Ààwẹ̀ wọlé, fírísà ò tíì dé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, àwọn ọmọ tò sẹ́nu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. "Mama, akwai kankara?" Kí n tó yanu, ọmọ mi ti dáhùn. Minna la bí i sí, Hausa yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. "Babu," ó ní, "firiza ta tafi makaranta." Kò sí, fírísà ti lọ sílé ìwé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ike fi bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan nínú wọn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún wá, wọ́n ń béèrè bóyá wọ́n ti fún un ní ìsinmi. Nígbà tó ṣe, wọn ò yà sọ́dọ̀ wa mọ́. Ilé obìnrin kan ní òpópónà kejì ni wọ́n ń lọ, ẹni tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ mi ló ti ń ra omi dídì tẹ́lẹ̀. Mo ń jókòó sí bàrándà mi, mo ń wo owó mi bó ṣe ń kọjá lọ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ó wá di ọjọ́ kan, mo rí ọmọ tèmi láàárín wọn tòun ti ike. Bàbá rẹ̀ ló rán an. Ó ní ọ̀fun òun gbẹ.

Ilẹ̀ mọ́, mo wọ kẹ̀kẹ́, ó di Tunga. Bí mo ṣe wọlé ni mo rí fírísà mi. Wọ́n dà á dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ti yọ ìdérí rẹ̀, wọ́n gbé ìdérí náà lé orí búlọ́ọ̀kù méjì, wọ́n sọ ọ́ di tábìlì. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sí i lára káàkiri. Gbogbo páìpù ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ti gé e, wọ́n ti jó o pọ̀, wọ́n tún ti gé e. Ọ̀gá wọn jáde sí mi, ọmọ Yorùbá ni, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. N kò lè dá ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ lẹ́bi.

"Ẹ kú ààwẹ̀ o, mà. Ẹ̀rọ yín yìí wúlò fún wa gan-an ni. Kò sẹ́ni tí kò tíì fọwọ́ kàn án nínú kíláàsì."

"Mo rí i. Ìgbà wo ló máa ṣiṣẹ́?"

"A dá kíláàsì dúró díẹ̀ nítorí ààwẹ̀, mà. Tó bá ku díẹ̀ kí ọdún dé, a ó parí ẹ̀. Kí Alhaji ṣáà ti ra kọmpirẹ́sọ̀."

"Kọmpirẹ́sọ̀ wo?"

"Ti fírísà yín, mà. Kò sí lára owó ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ la ń kọ́ èèyàn, a kì í fún èèyàn ní ẹ̀yà ẹ̀rọ."

Ọ̀rọ̀ bàbá Hausa yẹn padà sí mi létí bí ẹni pé ó dúró tì mí. Kọmpirẹ́sọ̀ ló kó owó jẹ, iṣẹ́ ọwọ́ òun kò tó nǹkan. Ohun tó gbówó lórí gan-an, ẹnikẹ́ni ò tíì rà á. Ohun tí kò tó nǹkan ni a ti ń kó owó mi lé lórí láti ọjọ́ yìí wá.

Mi ò fẹ́ ba ààwẹ̀ mi jẹ́, mo dúró dìgbà tí ọkọ mi fi dàbínù ṣínu tán tó sì kírun.

"Ẹ gbọ́ nígbà tí Malam sọ pé owó iṣẹ́ òun kò tó nǹkan?"

"Mo gbọ́."

"Ohun tí kò tó nǹkan yẹn lẹ lọ fi owó mi kọ́."

"Ṣé mi ò ní lo iṣẹ́ náà lọ́jọ́ iwájú ni?"

"Ọjọ́ iwájú tèmi ńkọ́?"

Ó ní ṣé ọkà ṣì kù. Mo bu ọkà fún un. Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ ṣe? Fírísà tí wọ́n ti tú palẹ̀ báyẹn, kò sẹ́ni tó máa rà á lọ́wọ́ mi, Malam ojú títì gan-an ò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Mo tú aṣọ inú àpótí, mo kó ohun tó kù níbẹ̀ fún un kó fi ra kọmpirẹ́sọ̀, kò sì tó, mo yá díẹ̀ kún un. Lọ́jọ́ kejì, mo tẹ obìnrin oníkéèkì láago pé kó má retí mi mọ́. "Lọ́yà mi," ó ní, "kí ló ṣẹlẹ̀?" Mo ní iná fóònù mi fẹ́ tán.

Ọdún ku ọ̀la kí fírísà tó dé. Òun àti ìwé ẹ̀rí jọ dé nínú kẹ̀kẹ́ kan náà. Ọkọ mi wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó so páìpù, ó fa gáàsì sí i, ó ki iná bọ̀ ọ́. N ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó dún. Kò tíì dún dáadáa bẹ́ẹ̀ rí. Òun náà wò mí lójú bí ọmọ tó gba ipò kìíní. Mo ní ó káre. Mo kó omi sí i, nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ó ti dì gbagidi. Ààwẹ̀ ti tán, kò sí ọmọ kankan lẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ ọdún, ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan ní ọ́fíìsì, Kìrìsìtẹ́nì láti apá Kàbbà, mú ìyàwó rẹ̀ wá kí wa. "Barka da Sallah o!" Mo gbé sóbò wá fún wọn, omi dídì ń dún wọ́nrawọ́nra nínú ife. Ọkùnrin náà mu ún, ó ní èyí mà tutù o. Ojú ọkọ mi tàn. Ó nàka sí ìwé ẹ̀rí tó ti gbé kọ́ ògiri, ó nàka sí fírísà.

"Ó ti kú fin-ín fin-ín tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi tún un ṣe. Kò ná mi ní kọ́bọ̀."

Mo dúró pẹ̀lú tírè lọ́wọ́. Mo fẹ́ já a nírọ́, mo sì wá rí i pé kò purọ́. Òótọ́ ni. Kò ná òun ní kọ́bọ̀.

"Háà, tiwa náà mà ti bàjẹ́ o," ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. "Ká gbé e wá?"

"Ẹ gbé e wá lọ́la!" ni ọkọ mi wí.

"Ẹ gbé e wá," ni èmi náà wí, "ṣùgbọ́n èmi lẹ máa kó owó iṣẹ́ fún."

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín, ìyàwó ọ̀rẹ́ náà tilẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ọkọ mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú mi, ó gbé ife rẹ̀ sílẹ̀ lórí tírè, ó ní, "Ìyá wọn ni kí ẹ kó o fún."